Ìyá Àgbà àti Ilẹ̀ Bàbá Rẹ̀

Ọjọ́ tí a sin Ìyá Àgbà, bí wọ́n ṣe ń da yẹ̀pẹ̀ bò ó ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Bẹ́yẹrúnkà, mo gbọ́ tí obìnrin kan lẹ́yìn mi ń sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé, "Ilẹ̀ tó fẹ́ràn ju ènìyàn lọ ti gbà á." N kò bojú wẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, àmọ́ bí mo bá bojú wẹ̀yìn, n óò ní láti sọ fún un pé irọ́ ló ń pa, irọ́ kọ́ sì ni.

Rábíátù ni alùfáà sọ ọ́, Àṣàbí ni oríkì rẹ̀. Ó ti lọ́kọ rí ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, níbẹ̀ ló ti bí ìyá mi. Kí ìyá mi tó hu eyín, Ìyá Àgbà ti di ẹrù rẹ̀, ó ti padà sílé bàbá rẹ̀. Ọmọ-osú tó bá padà sílé a máa fẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ rìn, torí àwọn ìyàwó ilé ń wò ó. Tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ni bàbá rẹ̀ ti ń mú un lọ sóko, ó sì mọ gbogbo ààlà ilẹ̀ ìdílé wa ju àwọn ọmọkùnrin lọ. Nígbà tí bàbá náà kú, àbúrò Ìyá Àgbà ọkùnrin ni wọ́n fi jẹ Mọ́gàjí, ìyẹn olórí ilé. Bí ẹjọ́ ilẹ̀ bá dé, Mọ́gàjí a jókòó sórí àga, Ìyá Àgbà a tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Orí ẹní ni ìdájọ́ ti ń wá.

Ọṣẹ dúdú ló ń tà ní Ọ̀jẹ́. N kò rántí pé ó gbé mi pọ̀n rí. Nígbà tí mo yege ìdánwò Sítándáàdì Síìsì, ìyá mi se ìrẹsì, gbogbo ará ilé wá ń kí mi kú oríire. Ìyá Àgbà gba ìwé ẹ̀rí náà lọ́wọ́ mi, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó dá a padà, ó ní, "Ó mọ́. Má jẹ̀ẹ́ kí epo kán sí i." Kú oríire tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Abà wa wà ní ọ̀nà Ìwó. Ilẹ̀ ibẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà kì í jẹ́ kí wọ́n dá gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá ti fi apá kan gbin iṣu, tí wọ́n fi gbin àgbàdo, tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ parí rẹ̀, á ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó di igbó padà. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá fi ààlè sí i: á so màrìwò àti àkúfọ̀ ìkòkò mọ́ igi lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé ibẹ̀ kò ṣeé wọ̀. Alùfáà àdúgbò wa kò fẹ́ràn ààlè yìí rárá. Ó ní obìnrin tó ń kírun wákàtí márààrún kò yẹ kó máa so ìkòkò mọ́ igi, pé òun yóò bá a kọ wàláà tí yóò gbé kọ́ síbẹ̀. Ìyá Àgbà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní àwọn tó ń dá igbó òun kò mọ̀wé.

Ọmọ Mọ́gàjí tó dàgbà jù ń jẹ́ Ràímì, ẹ̀gbọ́n ni wọ́n jẹ́ sí ìyá mi, Bùrọ̀dá Ràímì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ní ọdún tí wọ́n fẹ́ gbé ìyàwó, wọ́n fẹ́ kí àwọn àna wọn rí i pé àgbẹ̀ gidi làwọn. Wọ́n ré màrìwò Ìyá Àgbà dànù, wọ́n ṣán igbó tó ń sinmi, wọ́n kọ ebè síbẹ̀ lọ bẹẹrẹbẹ. Ẹnì kan ta Ìyá Àgbà lólobó. Ó dúró di ọjọ́ tí àwọn àna fẹ́ lọ wo oko, ó wá ní òun náà ń bọ̀.

Ìyá mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, lẹ́nu wọn ni mo ti gbọ́ ọ. Ìyá Àgbà kí àwọn àna dáadáa, ó béèrè ọmọ, ó béèrè ilé, ó ní kí wọ́n bu omi fún wọn. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Bùrọ̀dá Ràímì, ó ní kí wọ́n gbé ọkọ́, kí wọ́n tú ebè tí wọ́n kọ, kí wọ́n sì hú gbogbo èbù iṣu wọn sínú apẹ̀rẹ̀. Wọ́n rò pé ó ń ṣeré. Wọ́n dọ̀bálẹ̀. Bàbá ìyàwó náà dọ̀bálẹ̀, àgbàlagbà ọkùnrin. Ìyá Àgbà jókòó sórí igi tí wọ́n wó lulẹ̀, ó ń jẹ obì rẹ̀, kò bínú, kò pariwo. Ó dúró títí ebè tó gbẹ̀yìn fi di pẹrẹsẹ lójú àwọn àna. Wọ́n fún wọn níyàwó ṣá o, àmọ́ Atúbè ni bàbá ìyàwó ń pè wọ́n títí ó fi kú. Ohun tí Ìyá Àgbà sọ nígbà tí wọ́n ń ṣẹ́rí padà kò ju gbólóhùn kan lọ: "Ilẹ̀ tí kò bá sùn, kí ni yóò jí ṣe?"

Mo bi í léèrè nígbà tí mo gbọ́nju, pé kí ló dé tí kò sọ pé kí àwọn lébìrà tú ebè náà, kí ẹ̀sín má pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó wò mí bí ẹni ń wo òmùgọ̀. Ó ní bí òun bá ní kí ẹlòmíì tú u, Ràímì yóò máa bá onítọ̀hún jà títí ọjọ́ alẹ́. "Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ló fi tú u, ta ni yóò bá jà?" Bó ṣe ń parí ìjà ilẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ṣí ààlà, òun ni yóò hú pèrègún ààlà tó gbìn, tí yóò sì rù ú padà sí àyè rẹ̀. Ẹni tó bá gé ọ̀pẹ tí kì í ṣe tirẹ̀, òun ni yóò gbé ẹyìn lọ sílé ẹni tó ni ín, ìyàwó rẹ̀ ni yóò sì fún epo ibẹ̀. Ìjà a parí lóòótọ́. Ẹ lè rìn ká abà wa nígbà ayé rẹ̀, ẹ kò ní rí ẹni tó ń bá ẹnì kejì rẹ̀ fa ilẹ̀. Ẹ kò sì ní rí ọ̀pọ̀ tó ń rẹ́rìn-ín.

Kóòtù ló kórìíra jù. Bí a bá ń gba Ọjà'ba kọjá, Ìyá Àgbà á gbé ojú sókè wo òkè Mápó, níbi tí àwọn alágbádá ti ń gun àtẹ̀gùn lọ ṣẹjọ́, á sì yínmú. "Wò wọ́n, Àmọ̀kẹ́. Wọ́n ń gbé ilẹ̀ gòkè, ọwọ́ òfìfo ni wọ́n máa gbé sọ̀." Ó mọ ìdílé tó ta oko tán nítorí ẹjọ́ oko, ó sì máa ń dárúkọ wọn fún mi lẹ́yọ lẹ́yọ bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà. Nínú gbogbo ìwà rẹ̀, èyí nìkan ni n kò tíì rí ibi tí mo ti lè bá a jiyàn.

Ìyá mi, Ṣìfáwù, tọrọ ilẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Wọ́n fẹ́ gbin obì, wọ́n ní kí èmi lè rí nǹkan tọ́ka sí lọ́jọ́ iwájú. Ìyá Àgbà ń bó ẹ̀pà, kò dá a dúró. "Ọmọ mi ni ọ́, Ṣìfáwù. O kì í ṣe ọmọ bàbá mi. Ilé bàbá tìẹ wà ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, lọ tọrọ níbẹ̀." Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú tí òun fúnra rẹ̀ gbé wọn kúrò ní ọmọ ọwọ́, tí ẹnikẹ́ni kò dá wọn mọ̀ mọ́. Ìyá mi jáde, wọ́n lọ dúró sí ẹ̀yìn ilé fún ìgbà pípẹ́. Ilẹ̀ tí obìnrin yìí fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣọ́, kò sí abala kan nínú rẹ̀ tí yóò kan ọmọ tó bí. Àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ ló ń ṣọ́ ọ dè, àwọn náà kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì yí i padà.

Ohun tí mo ń sọ bọ̀ láti àárọ̀ nìyí, mo kàn ń pẹ́ ẹ sọ ni.

Ọkùnrin kan wà lórí ilẹ̀ wa tí à ń pè ní Bàbá Sàká. Ọ̀fà ni wọ́n ti wá, àwọn àti ìyàwó wọn Àwáwù, kí wọ́n tó bí mi. Mọ́gàjí fún wọn ní ilẹ̀ láti máa dáko, àwọn náà sì ń gbé iṣu, epo àti àgbàdo tuntun wá sí Bẹ́yẹrúnkà lọ́dọọdún bí àlejò ṣe ń ṣe fún onílẹ̀, ìyẹn ìṣákọ́lẹ̀. Òfin àlejò kò pọ̀. Àlejò a máa gbin oúnjẹ, kì í gbin igi, torí igi a máa pẹ́ láyé ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Àlejò kì í sì í sin òkú rẹ̀ sórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ibi tí ìyá ènìyàn bá sùn sí, ọmọ rẹ̀ yóò sọ pé ilé ìyá òun ni, kò sì sí adájọ́ tó lè sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí òmìnira tó dé, lásìkò òjò ńlá kan, Àwáwù kú sórí ìkúnlẹ̀, ọmọ inú rẹ̀ bá a lọ. Odò ti kún, ó ti gbé afárá igi tí à ń gbà lọ sí títì. Alùfáà abà ní òkú Mùsùlùmí kì í dúró. Bàbá Sàká gbẹ́ ilẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ oko wọn, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sin ín. Nígbà tí ìròyìn náà dé Bẹ́yẹrúnkà, ilé gbóná. Bùrọ̀dá Ràímì ní kí wọ́n hú òkú náà, tàbí kí wọ́n lé àlejò lọ. Mọ́gàjí wo Ìyá Àgbà lójú.

Mo bá a lọ, torí wọ́n ti gba ìsinmi ní ilé ìwé. A wọ lọ́rì ní Oríta-mẹ́rin, odò ti fà, a fẹsẹ̀ rin ìyókù. Sàréè náà wà níbẹ̀, yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ ṣì ga, wọ́n fi òkúta sí ibi orí. Bàbá Sàká dúró, Sàká ọmọ wọn tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi di aṣọ wọn mú. Ìyá Àgbà kọ́kọ́ tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó ṣe àdúrà fún Àwáwù, ó ṣe é dáadáa, ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ló sọ fún Bàbá Sàká pé, "Wọ́n ní kí n hú u, mi ò ní hú u, èèwọ̀ ni. Wọ́n ní kí n lé ọ, mi ò ní lé ọ. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì ń mí, kò sẹ́ni tó máa lé ọ níbí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ bàbá mi ò gbọdọ̀ ní sàréè àlejò lórí. Gbé ọkọ́ rẹ."

Bàbá Sàká wólẹ̀. Wọ́n ní ó dáa, àmọ́ kó jẹ́ kí ẹlòmíì bá àwọn ro ó. Ìyá Àgbà ní rárá. Wọ́n wo ọmọ wọn, wọ́n wo ẹ̀yìn odò níbi tí àwọn ọmọ yòókù wà, wọ́n gbé ọkọ́. Wọ́n gbé òkúta orí kúrò fúnra wọn. Wọ́n ro yẹ̀pẹ̀ náà títí ó fi bá ilẹ̀ dọ́gba, wọ́n sì ro ó mọ́ oko tó yí i ká. Wọ́n wá gbin àgbàdo sí i, bí wọ́n bá ti ju èso sínú ihò, wọ́n á fi gìgísẹ̀ bò ó bí àgbẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Nígbà tí a ń padà, mo ń wọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn Ìyá Àgbà. Ó ní kí n gbẹ́sẹ̀, pé ilẹ̀ ń ṣú.

Ó pa àdéhùn rẹ̀ mọ́. Bùrọ̀dá Ràímì mú ọkùnrin kan wá tó fẹ́ fi gbogbo abà gbin tábà, tó sì fẹ́ kí àlejò kọ́kọ́ kúrò. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n ṣe sùúrù kí òun kú ná. Wọ́n tún gbé e dìde lẹ́ẹ̀mìíràn, ó tún dá wọn lóhùn bákan náà. Bàbá Sàká kò gbin igi kan ṣoṣo, kò sì kọjá ààlè rí. Nígbà tó kan oko tí sàréè náà wà láti sinmi, Ìyá Àgbà lọ so màrìwò síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Igbó hù, ó bo gbogbo rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè sọ mọ́ pé ibí ni tàbí ọ̀hún ni.

Lẹ́yìn òmìnira, Mọ́gàjí kú, ó ku díẹ̀ kí wọ́n fi Bùrọ̀dá Ràímì jẹ. Ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà náà wú, kò lè dìde mọ́. Mo ti lọ́kọ nígbà náà, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé kan ní Bẹẹrẹ, ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń wá tọ́jú rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni Bàbá Sàká dé pẹ̀lú Sàká, tó ti di géńdé. Bùrọ̀dá Ràímì àti àwọn àgbà ilé wà nínú yàrá. Bàbá Sàká jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kí Ìyá Àgbà, wọ́n ní ẹ̀mí Ìyá ni àwọn fi ń gbé lórí ilẹ̀ yẹn, àwọn sì ti rí i pé ara Ìyá kò le. Ẹ̀bẹ̀ kan ni àwọn bẹ̀. Kí Ìyá sọ fún àwọn ọmọ ilé pé Àwáwù sùn síbẹ̀, kí wọ́n lè jẹ́ kí àwọn máa gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá náà ló mọ̀. Àmọ́ kò sẹ́ni tí ẹnu rẹ̀ ká a, àfi Ìyá Àgbà. Ó pajú dé, mo rò pé ó ti sùn.

"Mi ò mọ sàréè kankan," ó wí.

Mo ní, "Ìyá Àgbà, mo bá yín lọ. Mo wà níbẹ̀."

Ó la ojú. "O wà níbẹ̀. Kí la fi sílẹ̀ lórí ilẹ̀ yẹn nígbà tá a kúrò?"

Gbogbo wọn ń wò mí. Mo ní, "Àgbàdo."

"Ta ló gbìn ín?"

Mo wo Bàbá Sàká. Wọ́n ń wo ẹní. Mo ní, "Bàbá Sàká ni, àmọ́..."

"Ó parí," Ìyá Àgbà wí, ó yí ojú sí ògiri.

Nígbà tí gbogbo wọn jáde, mo bá a jà. Mo sọ̀rọ̀ sí i bí mi ò ṣe sọ̀rọ̀ sí àgbàlagbà rí láyé mi, mo ní ó ti ṣèlérí fún ọkùnrin yìí. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá ní, "Ẹ̀mí mi ni mo ṣèlérí fún un. N kò ṣèlérí ilẹ̀ bàbá mi." Ó ní kí n bu omi fún òun. Mo bù ú fún un. Ó wù mí kí n sọ pé ó sunkún, àmọ́ kò sunkún. Ó mu omi rẹ̀, ó ní kí n pa ilẹ̀kùn dé. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó kú.

Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. N kò mọ bí mo ṣe lè kọ ọ́ tí kò ní dà bí irọ́. Bùrọ̀dá Ràímì ti di Mọ́gàjí, wọ́n ti kó gbogbo màrìwò rẹ̀ dànù, tábà ni wọ́n ń gbìn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí rẹ̀. Koríko ẹ̀kan ti ń hù níbi tí igbó dúdú wà tẹ́lẹ̀, ìdílé méjì sì ti gbé ẹjọ́ ààlà gun òkè Mápó. Bí mo bá rí i, inú mi á bà jẹ́ pé kò sí láyé. Bí mo bá rántí ẹní tí Bàbá Sàká ń wò lọ́jọ́ náà, inú mi á dùn pé ó ti kú.

Wọ́n fún Bàbá Sàká láyè kí wọ́n kórè kí wọ́n tó kúrò. Lẹ́yìn ìkórè, wọ́n gbé iṣu wá sí Bẹ́yẹrúnkà. Kò di dandan fún wọn mọ́, àmọ́ wọ́n gbé e wá. Mọ́gàjí kò sí nílé, èmi ni mo gbà á. Mo ní kí ló dé tí wọ́n fi gbà bẹ́ẹ̀. Alùfáà tó kírun sí Àwáwù lára ṣì wà láyé, gbogbo abà ló mọ̀. Mo ní bí wọ́n bá fẹ́ lọ sí Mápó, èmi yóò bá wọn lọ.

Bàbá Sàká mi orí. "Wọ́n á bi mí léèrè pé ta ló ro orí ẹ̀. Kí ni n máa wí?"

Mo ní kí wọ́n sọ pé wọ́n fipá mú wọn ni.

"Ìyá yín ò ki ọkọ́ bọ̀ mí lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n gbé e, mo sì gbé e, torí àwọn ọmọ." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to iṣu náà síbi ògiri, wọ́n fi èyí tó tóbi sísàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n tò ó tán, wọ́n nu ọwọ́ wọn, wọ́n wò mí. Kò sí ìbínú lójú wọn.

"Àgbàdo ọdún yẹn yọmọ gan-an," wọ́n wí. "Èyí tó dára jù nínú ẹ̀ la gbé wá síbí. Ìwọ náà jẹ nínú ẹ̀, ọmọ mi."

Mo rántí àgbàdo náà. Ìyá Àgbà ló sun ún fún mi. Ó dùn.